Ẹrẹ̀ Dúdú Inú Ẹ́ńjìnnì

Ìka ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fi tọ́ ọ wò. Ohun tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì náà kò jọ ọ́ìlì mọ́. Ó dúdú, ó ki, ó lẹ̀ mọ́ irin bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń tẹ́ títì. Nígbà tó fi etí sípánà ha á, ó ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èépá ojú egbò. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó nu díẹ̀ sára ìwé ìròyìn kan, ó ká ìwé náà, ó sì tì í bọ àpò.

"Kí lo tún ń wá níbẹ̀?" Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ló bi í láti ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Kò fẹ́ wọlé, nítorí bàtà rẹ̀ ń dán. "Ẹni tó ṣe é wà ní àtìmọ́lé. Ìwé ẹ̀sùn wà lórí tábìlì mi. Kí ìwọ náà fọwọ́ sí i ló kù."

"Ọ̀gá mi, ẹni tó ṣe é ni mò ń wá."

"Mo ní ó wà ní àtìmọ́lé!"

"Mo gbọ́ yín, sà," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì tún tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnnì.

Obìnrin tín-ín-rín tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Ó ti lo ọdún méjìlélógún nínú iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Àwọn kan rò pé nítorí ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gbìyànjú láti gbé e mì rí mọ ìdí rẹ̀ gan-an: bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e dé gáréèjì ibùdó áńbúláǹsì kò gùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ áńbúláǹsì kan lọ gbé obìnrin aránṣọ kan tí àyà dédé ń dùn, tí kò lè mí dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá a wọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín afárá gígùn, iná pupa kan tàn níwájú awakọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀ gbà-gbà-gbà, ó sì kú fin-ín. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn. Aránṣọ náà ti kú lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni máníjà ibùdó áńbúláǹsì ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ó ní mẹkáníìkì àwọn ni, pé ọ́ìlì lásán ló ń rọ sínú ẹ́ńjìnnì dípò ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì olówó gọbọi, pé òun ló di ẹrẹ̀, tó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọ̀gá àgọ́ nínú. Ó kúrú, ó yéni, ó sì ní ẹni tí wọ́n lè mú.

*

Fáànù yàrá ìbéèrè ń ké lókè bí ẹni tí wọ́n ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò wolẹ̀ bí àwọn tí wọ́n fura sí ti máa ń ṣe. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé tábìlì tòun ti ṣẹkẹṣẹkẹ, ọwọ́ tí dúdú ọ́ìlì ti wọ inú ìlà rẹ̀ débi pé ọṣẹ kò lè yọ ọ́ mọ́. Ìyá Sípánà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ ibùdó náà.

"Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé mo jẹ̀bi," ó ní. "Mi ò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n lè tì mí mọ́bí títí irun mi á fi funfun."

Abẹ́rẹ́ na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn án. "Èmi ò mú ìwé kankan dání. Ìbéèrè ni mo mú wá. Irú ọ́ìlì wo lẹ ń rọ sí i?"

"Èyí tí gbogbo ayé ń lò."

"Máníjà yín pè é ní ọ́ìlì lásán."

"Kó má pè é ní lásán!" Ṣẹkẹṣẹkẹ dún lórí tábìlì. "Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́mọge ni mo ti ń lò ó. Mo ti fi sin ẹ́ńjìnnì tó rìn títí tí ara ọkọ̀ fi jẹrà mọ́ ọn lórí, tí òun ṣì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Èyí tó wọ́n yẹn ńkọ́?"

"Ó dáa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ooru kì í tètè bà á jẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Tiwa yìí máa ń tètè rẹ̀, ìdí tí a fi ń tètè pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn." Ó tẹ̀ síwájú. "Màdáámù, ṣé ẹ máa ń fọṣọ?"

"Ta ni kì í fọṣọ?"

"Tí ẹ bá da ọṣẹ sómi, tí ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ìdọ̀tí á kúrò lára aṣọ, á bọ́ sínú omi. Omi á dúdú. Iṣẹ́ ló ń lọ yẹn. Ohun tó dà bí ọṣẹ wà nínú ọ́ìlì náà. Ó ń gbá èérí mọ́ra kó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ẹni tó bá rí ọ́ìlì tó dúdú tó ní ó ti bàjẹ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ tí ẹ bá fi omi kan náà fọ ogún aṣọ, ọgbọ̀n aṣọ ńkọ́?"

"Omi náà lá wá máa kó ìdọ̀tí bá aṣọ."

"Ẹ ṣeun. Ọṣẹ inú ọ́ìlì á tán, ooru á sun ún, á di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ á dí asẹ́ tó wà lẹ́nu páǹpù, ọ́ìlì ò ní lè gòkè mọ́, irin á wá máa jẹ irin. Kìlómítà ẹgbẹ̀rún márùn-ún-márùn-ún ni mò ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ yẹn. Ó wà nínú ìwé mi. Mi ò fo ọ̀kan rí."

"Báwo wá ni ẹrẹ̀ ṣe débẹ̀?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyá Sípánà wolẹ̀.

"Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn nìyẹn. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí ọ́ìlì tí mò ń tú nínú ọkọ̀ yẹn ti máa ń ki ju ti ọkọ̀ wa kejì lọ. Mo sọ fún máníjà. Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣí orí ẹ́ńjìnnì wò. Ó ní ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró, pé bí ọ́ìlì lásán ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo gbà." Ó gbé ojú sókè, ojú náà ti pọ́n. "Tí ẹ bá fẹ́ kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀, ẹ kọ ìyẹn. Mo gbà nígbà tó yẹ kí n jà. Ṣùgbọ́n pé mi ò pààrọ̀ ọ́ìlì, irọ́ ni! Kí ẹni tó pa irọ́ yẹn wá pa á lójú mi."

*

Ọ̀nà mẹ́ta ni Abẹ́rẹ́ rí níwájú rẹ̀. Bóyá ayédèrú ni ọ́ìlì náà. Bóyá ẹnì kan da nǹkan mìíràn sínú ẹ́ńjìnnì. Bóyá awakọ̀ ló mọ ohun tí kò sọ.

Èyí àkọ́kọ́ kò pẹ́ tó fi parẹ́. Ó bu ọ́ìlì láti inú àgbá Ìyá Sípánà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ irú rẹ̀ wò, wọ́n sì dá a lóhùn ní ọjọ́ kejì pé ojúlówó ni, kò ní àbùlà. Àwọn kan náà ló yẹ ẹrẹ̀ inú ìwé ìròyìn wò. Kò sí ṣúgà níbẹ̀, kò sí iyanrìn, kò sí omi. Ọ́ìlì tó ti gbó kọjá àlà ni, gbígbó tí kì í ṣe ti oṣù kan tàbí méjì.

Ó ku awakọ̀.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe awakọ̀ náà, nítorí kò sáré rí, àfi tí aláìsàn bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ni, ó ga.

"Ìgbà wo ni iná pupa yẹn tàn?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Lórí afárá, mà. Kò síbi tí mo lè dúró sí. Mo sì rò ó pé aláìsàn wà lẹ́yìn mi…"

"Ta ló máa ń wa ọkọ̀ náà?"

"Èmi ni, mà. Mọ́ńdè dé Fráìdè."

"Sátidé àti Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Ó máa ń sinmi nínú ọgbà. Èkejì ló máa ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀."

Ó sọ ọ́ gbáà, láìmí, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka orí ìwé tí tíṣà ní kó há sórí. Àwọn ìdáhùn rẹ̀ yòókù ló ń wá wọn kiri kó tó rí wọn sọ. Èyí nìkan ló ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ wò ó títí. Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó mọ̀ pé ẹni tó hùmọ̀ irọ́ fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ràn rẹ̀, á máa fi nǹkan kún un. Ẹni tí wọ́n fi irọ́ sí lẹ́nu kàn ń dúró de ẹni tó máa bá a tú u dànù ni.

"Ẹ lè máa lọ," ó ní.

Jẹ́jẹ́ dìde, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó sì lọ.

*

Obìnrin kan ti ń jókòó lórí àga gígùn tó wà níwájú àgọ́ láti Ọjọ́rú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á dé, tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn, á lọ. Àwọn ọlọ́pàá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó ilé kọjá. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ tó kú ni. Abẹ́rẹ́ lọ jókòó tì í.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, màmá."

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Mi ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ bí ọkọ̀ yẹn ti rí."

Obìnrin náà yíjú sí i. "Kí n tún un sọ? Ẹnì kankan ò tíì bi mí. Ẹni tó ń kọ̀wé lọ́jọ́ yẹn, mo ní ọkọ̀ náà ń rùn bí ilé adìyẹ. Ó ní ká fi ìyẹn sílẹ̀, pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí." Ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra. "Àbúrò mi gan-an gbọ́ òórùn náà. Bó ti ń jẹ̀rora tó yẹn, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé adìyẹ ni wọ́n fi ń kó ni?' Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó rín kẹ́yìn nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ yọ ìwé rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ adìyẹ náà sílẹ̀.

"Mi ò ní kúrò lórí àga yìí," obìnrin náà tún ní, "títí ẹ máa fi sọ ohun tó pa á fún mi. Mi ò bi yín léèrè ẹni tí ẹ rí mú o. Ohun tó pa á ni mo fẹ́ mọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ padà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kú. Wọ́n ti fọ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti nu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fọ̀ ọ́ kò dé ojú irin tí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ń yí lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yọ píìnì kan nínú irun orí rẹ̀, ó fi tú ojú irin náà. Ìyẹ́ funfun kékeré méjì jáde, àti èérún páálí eléérú, irú páálí oníhò tí wọ́n ń to ẹyin sí. Ó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lọ wo ti ọkọ̀ kejì. Ó tún padà wá wo ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà wá bi í bóyá nǹkan ṣe é.

"Nǹkan ò ṣe mí," ó dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. "Inú mi ló ń dùn."

*

Ọ́fíìsì máníjà mọ́ tónítóní. Aṣọ ìnujú rẹ̀ ní igun mẹ́rin tó gún bí ìwé. Ó fi àga lọ Abẹ́rẹ́, ó sì fi àpọ́nlé bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀.

"Màdáámù, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ọ́ìlì lásán máa ń dọ̀tí ẹ́ńjìnnì. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni."

"Mo gbọ́ pé ẹ ń sin adìyẹ, sà."

Máníjà ṣẹ́jú. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Iṣẹ́ tó dáa ni. Oko náà jìnnà?"

"Bíi wákàtí mẹ́ta."

"Báwo lẹ ṣe ń kó ẹyin wálé?"

"Mo ní… àwọn èèyàn tó ń bá mi kó o."

"Ẹ bá mi pe ọ̀kan nínú wọn sórí fóònù."

Máníjà mú fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá àgọ́ ló pè. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ fi máa dé àgọ́, ọ̀gá ti ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"O lọ ń bi èèyàn pàtàkì léèrè ọ̀rọ̀ adìyẹ! Ṣé o mọ ẹni tí àna rẹ̀ jẹ́? Fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn yìí kó tó di aago mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fáìlì náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

"Màá fọwọ́ sí i, sà."

Ẹnu ya ọ̀gá. "O ní?"

"Ẹ bá mi mú Ìyá Sípánà wá sí gáréèjì. Kí máníjà àti awakọ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣí orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kejì lójú gbogbo wa. Ọ́ìlì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló ń rọ ọ́. Tí a bá bá ẹrẹ̀ níbẹ̀, ọ́ìlì ló jẹ̀bi, màá fọwọ́ sí ìwé yín lórí ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an."

"Tí kò bá sí ẹrẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ò ní lè sọ pé ẹ ò rí i, sà."

*

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni wọ́n pé sí gáréèjì. Ìyá Sípánà dúró síwájú ọkọ̀ kejì tòun ti ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ṣí i, ó kọ̀. "Ẹ́ńjìnnì mi ni. Ẹ fún mi ní sípánà." Bí ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ náà ló ń tú bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú abọ́ kan bí wọ́n ti ń jáde, ó sì gbé ìdérí náà kúrò.

Abẹ́rẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Gbogbo wọn na ọrùn, títí kan ọ̀gá tí kò fẹ́ kí bàtà rẹ̀ kan ilẹ̀ ọlọ́ìlì.

Irin inú rẹ̀ ní àwọ̀ tíì tí kò nípọn, bíi ti ife tí wọ́n ti ń fi mu tíì láti ọdún mélòó kan. Ó hàn pé ó ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹrẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi aṣọ funfun nù ún, ọ́ìlì tín-ín-rín nìkan ló bá aṣọ náà jáde.

"Ọdún mọ́kànlá," ni Ìyá Sípánà wí. Kò pariwo. "Ọ́ìlì lásán."

"Oríire ni," ni máníjà wí. "Ẹ́ńjìnnì kì í rí bákan náà."

"Táyà ńkọ́, sà?" Abẹ́rẹ́ yíjú sí i. "Ìwé Ìyá Sípánà sọ pé ọjọ́ kan náà ló wọ táyà tuntun fún ọkọ̀ méjèèjì, oṣù kẹjọ rèé. Ọjọ́ méje lọ́sẹ̀ ni èyí ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni èyí tó kú ń ṣe, ó ń fi ọjọ́ méjì sinmi. Èwo ló yẹ kí táyà rẹ̀ gbó jù?"

Ọ̀gá wo táyà kan, ó wo èkejì.

"Ti èyí ṣì ní ojú. Ti èyí tó ń sinmi ti dán bí orí apárí. Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn ọkọ̀ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ní kò tíì rin kìlómítà ẹgbẹ̀rún márùn-ún láti ìgbà tí wọ́n ti wọ táyà yẹn fún un, táyà sọ nǹkan mìíràn. Ẹnì kan ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì, mi ò sì rí táyà tó mọ irọ́ pa. Torí náà mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Okùn onírin kan wà níbẹ̀ tó ń yí nọ́ńbà yẹn. Gbogbo nọ́ọ̀tì abẹ́ ọkọ̀ ló ti dógùn-ún, àfi ti okùn yẹn. Ó ń dán, eyín páláyà sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Wọ́n ń tú u, wọ́n ń so ó, bí ẹni ń tú okùn bàtà. Wákàtí mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ẹrù ẹyin. Mo ṣírò rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà bá fi máa sọ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti pé, ẹ́ńjìnnì ti rìn tó ọ̀kẹ́ kan kìlómítà, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Obìnrin yìí ń pààrọ̀ omi ìfọṣọ lásìkò tí wọ́n sọ fún un. Àwọn tó ń ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò sọ iye tí wọ́n kì."

"Ìtàn dídùn," ni máníjà wí. Igun aṣọ ìnujú rẹ̀ ti wó. "Ta ló rí mi? Ẹ mú ẹni tó rí mi wá."

Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀.

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí fóònù ara ògiri dún. Jẹ́jẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Ó gbé e, ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kápẹ́ńtà kan já bọ́ láti orí òrùlé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Wọ́n ní ká tètè máa bọ̀."

Gbogbo wọn wo ọkọ̀ kejì. Òun nìkan ló kù ní ibùdó, orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

"Ẹ tú ọwọ́ mi," ni Ìyá Sípánà wí.

"Ẹ̀rí ni ẹ́ńjìnnì yẹn!" ọ̀gá pariwo. "Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

"Ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jáde," ni máníjà náà ń wí. "Ọ́ìlì kan náà ló wà nínú rẹ̀! Tó bá tún kú sọ́nà, ta ló máa ru ú?"

Abẹ́rẹ́ ti yọ kọ́kọ́rọ́.

"Abẹ́rẹ́! Mo kọ̀ fún ọ!"

"Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀." Ṣẹkẹṣẹkẹ já bọ́ sórí tábìlì iṣẹ́.

Ìyá Sípánà kò tilẹ̀ fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó. Ó nu ẹnu ìdérí, ó fi ìka tọ́ rọ́bà rẹ̀ yíká, ó gbé e padà sáyè. Bóòtù wọlé ní méjì-méjì, ní ìdojúkojú, ọwọ́ ọ̀tún ń mú u, ọwọ́ òsì ń fún un. Ó fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó tì í padà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Jẹ́jẹ́ ti wà nídìí ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń mí lọ láìwúkọ́.

Ìyá Sípánà ti ìdérí iwájú ọkọ̀, ó lọ bá a lójú fèrèsé.

"Wò mí dáadáa. Ẹ̀mí èèyàn lo fẹ́ lọ gbé. Ṣé ọkàn rẹ balẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì yìí?"

"Ó balẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló jẹ́ kó balẹ̀?"

"Torí pé mi ò tú okùn ti eléyìí rí."

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ mú mọ́ sítíarì. Ó wo máníjà, máníjà ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Jẹ́jẹ́ gbé ohùn sókè.

"Mi ò kó o jẹ! Ó ti jáde, kó máa lọ! Sátidé ni mo máa ń tú u, Sọ́ńdè ni mo máa ń so ó padà, ìwọ lo ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, o ní tí mo bá sọ, màá lọ wáṣẹ́ síbòmíràn. Obìnrin yẹn kú mọ́ mi lẹ́yìn! Màdáámù, tí mo bá dé, ẹ mú èmi náà."

Ó tan iná orí ọkọ̀. Igbe áńbúláǹsì gba gbogbo ọgbà, ọkọ̀ náà sì yọ lẹ́nu géètì, ó lọ.

*

Máníjà jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀, táyà tó dúdú, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Ẹ pe àna mi," ó ní.

"Ẹ pè é, sà," Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. Ó mú ṣẹkẹṣẹkẹ lórí tábìlì. "Àga pọ̀ ní àgọ́. Ẹ ní kó máa bọ̀."

Ọ̀gá fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Rọra, Abẹ́rẹ́. A lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ́ìlì ló gbó. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ́ìlì gbó lóòótọ́, àbí? Kí wọ́n gbé máníjà lọ síbòmíràn, kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀."

"Ọ́ìlì kì í wa ọkọ̀, sà. Ọ́ìlì ò sì mọ páláyà dì mú." Kò rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọ̀gá ti rẹ tirẹ̀. "Ẹ lè gba fáìlì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí awakọ̀ yẹn sọ, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, tí wọ́n bá sì bi mí nílé ẹjọ́ pé ta ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ dárúkọ."

Ọ̀gá wo bàtà rẹ̀. Ọ́ìlì ti ta sí i. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, "Mú un lọ."

Wọ́n ti mú máníjà wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá nígbà tí fóònù ara ògiri tún dún. Ìyá Sípánà sáré gbé e. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́ láti ibi tó dúró sí.

"A ti dé, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gbé e wọlé. Ó ń pariwo, ó ń bú gbogbo wa pé ẹsẹ̀ ń dun òun."

"Tó bá lè bú yín, ó wà láàyè," ni Ìyá Sípánà wí. Ó gbé fóònù kọ́. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Abẹ́rẹ́ jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀, ó fi dúdú ọ́ìlì fa ìlà kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. "Màdáámù, ẹ̀gbọ́n aránṣọ yẹn. Wọ́n ní àgọ́ ló ń jókòó sí."

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ mú mi lọ bá a."

"Wọ́n ti sọ fún un láti ọjọ́ yìí pé ẹ̀yin lẹ pa àbúrò rẹ̀. Ó lè nà yín."

"Kó nà mí. Màá sọ ibi tí mo jẹ̀bi dé fún un, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà màá sọ ibi tí mi ò jẹ̀bi, kó gbọ́ ìyẹn náà."

"Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín."

"Kí n fọ kí ni kúrò?" Ó dìde, ó gbọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ mi ni."

Wọ́n jọ jáde sínú oòrùn. Ìyá Sípánà ló ṣíwájú.